Èmi Ni Mo Ń Ba Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Àlejò Jẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ nínú mi. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, màá dúró níwájú ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn plọ́ńbà lágbègbè wa níbí, màá sì jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò níwájú dígí. Ẹ̀rín ló ń pa mí, lẹ́yìn ẹ̀rín ojú á tún tì mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí. Bí ẹ bá lè gbọ́ ọ tán láìbú mi, bóyá àwọn náà ò ní bú mi.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹkún ni o. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ọmọ ọmọ mi, Àmídá, ló wà lẹ́yìn mi tó ń fa gèlè mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́, ì báà tiẹ̀ bí ọmọ.

Àlùbọ́sà ni mo tà ní ọjà Mile 12 ní Èkó títí orúnkún mi fi ní ó tó. Àlùbọ́sà náà ni mo fi kọ́ ilé tí mò ń gbé ní Alápẹ̀rẹ̀. Èmi àti ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo, Kàmọ́rù, là ń gbé ìsàlẹ̀. Ìyá Ìbejì, ayálégbé mi, ń gbé òkè pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Kànga ẹ̀rọ kan là ń lò, táńkì ńlá kan ló sì wà lórí irin lẹ́yìnkùlé tó ń pín omi fún gbogbo wa.

Ọmọ dáadáa ni Kàmọ́rù. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́, inú pálọ̀ ló ti ń ṣe é látàárọ̀ dalẹ́. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá obìnrin sọ̀rọ̀. Mo mú ọmọ ọ̀rẹ́ mi wálé, ó kí i, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mo mú ọmọ Alhájì kan tó ń ta tòmátì wá, ó bi í bóyá ó fẹ́ lo wáìfáì ilé wa. Ọmọbìnrin náà ní rárá, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ewú ń yọ lórí Kàmọ́rù, àwọn ẹgbẹ́ mi ń pọn ọmọ ọmọ, èmi ń fa tẹ̀sùbáà.

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ mọ irú jíjò yẹn. Kì í ṣe èyí tó ń da omi sílẹ̀. Omi á kàn máa yọ́ jáde láti inú táńkì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú abọ́ ìjókòó, á máa dún ṣìì, ṣìì. Táńkì kékeré á máa bèèrè omi lọ́wọ́ táńkì ńlá, títí táńkì ńlá á fi gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ró aṣọ mọ́ àyà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ wà lójú mi, omi ti lọ!"

Mo pe Ọ̀gá Ráfíù tó ṣe páìpù ilé wa. Ọwọ́ rẹ̀ dí, ó ní òun á rán ọmọṣẹ́ òun. Èmi ń retí géńdé ọkùnrin kan. Ọmọbìnrin tó wọ ṣòkòtò ló dé, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré níbi géètì.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Rónkẹ́ lorúkọ mi. Ọ̀gá ní kí n wá wo tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí ara rẹ̀ ò yá."

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ ló wá kọ́ ní Èkó, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló sì ń sùn. Ó tẹ tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà, ó wo bí omi ṣe ń lọ. Nígbà tí táńkì kékeré kún padà, ó mú búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ó bù díẹ̀ sínú rẹ̀, ó ní ká dúró, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí omi inú abọ́ nísàlẹ̀ náà fi di búlúù. Ó pè mí kí n wá wò ó. Ó ní rọ́bà tó dé ihò ìsàlẹ̀ táńkì ló ti gbó, kò dé dáadáa mọ́, ibẹ̀ lomi ń gbà yọ́. Ó fi tuntun síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, Kàmọ́rù dìde. Kàmọ́rù tí ọbẹ̀ lè jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má mira, ó dìde, ó bá a tan iná fóònù.

Ó ní, "Ṣé búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ náà nìyẹn?"

Rónkẹ́ ní, "Òun náà ni, Uncle. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ funfun lọ kírun Jímọ̀, ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Láti ilé ìdáná ni mo ti gbọ́ ọ, omi sì bọ́ lójú mi, kì í ṣe àlùbọ́sà ló fà á. Nígbà tí Rónkẹ́ lọ, Kàmọ́rù dúró lójú fèrèsé títí géètì fi pa dé. Mo wò ó, mo ní, ó parí nìyẹn. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí ara rẹ̀ bá ti yá kì í ránṣẹ́ pe plọ́ńbà.

Ibí ni mo ti ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka èyí tó kù sókè létí àwọn ọmọ yín.

Mo gbé ìdérí táńkì kékeré náà kúrò. Mo mú èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ kan, èyí tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, mo gbé rọ́bà tuntun yẹn sókè díẹ̀, mo fi èèpo náà há etí rẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ṣìì, ṣìì. Mo dé e padà, mo lọ ṣe àlùwàlá. Ẹ wo ìwà mi! Àlùwàlá!

Ohun tó burú nínú èèpo àlùbọ́sà ni pé kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Bí plọ́ńbà bá dé, yóò kọ́kọ́ tẹ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kó lè rí bí omi ṣe ń lọ. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, rọ́bà á ṣí, omi á gbá èèpo lọ. Rónkẹ́ dé, ó tẹ̀ ẹ́, ó bu búlúù, a dúró. Omi abọ́ mọ́ kedere.

"Mọ́mì, kò jò o."

"Ó jò mọ́jú, ọmọ mi. Bi Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì jẹ́rìí tọkàntọkàn, nítorí pé ọṣẹ tún ti wọ̀ ọ́ lójú. Rónkẹ́ tún pààrọ̀ rọ́bà tí kò ní àrùn kankan. Kò gbà kí n sanwó. Ó ní iṣẹ́ tí kò bá dúró, àwọn kì í gbowó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn gún mi lọ́kàn. Mo fi àlùbọ́sà kún àpò rẹ̀, mo fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Bí mo bá ti fẹ́ rí i, màá há èèpo, màá pe Ọ̀gá Ráfíù. Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n. Ẹni tó ń wọ ṣòkòtò ìsùn títí di ìrọ̀lẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń lo lọ́fínńdà nínú ilé. Ìdùnnú yẹn ló fọ́ mi lójú. Mo rí ọmọ mi tó ń yọ̀, mi ò wo ojú ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu. Láwọn ọjọ́ tí mi ò fọwọ́ kàn án, tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà á tún jò. Kì í sì í ṣe ìsàlẹ̀ lomi á gbà. Omi á kún táńkì kékeré kọjá ààlà, á máa ṣàn wọ páìpù tó dúró láàárín rẹ̀. Mo ní Alihamdulilahi, Ọlọ́run ti bá mi dá sí i.

Rónkẹ́ kò rí i bẹ́ẹ̀. Lónìí omi á gba ìsàlẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn á gba òkè. Á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wò ó. Ó ní, "Mọ́mì, irú èyí ò sí nínú gbogbo ohun tí Ọ̀gá kọ́ mi."

Nígbà tó yá, àkókò fírídọ̀mù àwọn ọmọṣẹ́ Ọ̀gá Ráfíù tó. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni ọmọṣẹ́ ń dúró de látìgbà tó ti wọṣẹ́. Wọ́n á ṣàdúrà fún un, ọ̀gá á fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ níwájú ẹgbẹ́, ó di ọ̀gá ara rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá Ráfíù tú àwọn ẹgbẹ́ Rónkẹ́ sílẹ̀, ó dá Rónkẹ́ nìkan dúró. Ó ní ẹni tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan bá ń pè padà báyìí kò tíì mọṣẹ́. Ní ọjọ́ ayẹyẹ náà, Rónkẹ́ ló ń gbé àwo oúnjẹ kiri fún àwọn àlejò àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tó tún wá sílé wa, kò ṣàwàdà. Ó ṣiṣẹ́ tán, ó fọwọ́, ó wá dúró tì mí ní ilé ìdáná.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ṣé ọwọ́ mi ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, kò ní dé ilé wa mọ́, Kàmọ́rù á sì tún padà sínú ṣòkòtò ìsùn. Mo ní, "Rárá o, tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn ló lórí kunkun." Ó ní "Ẹ ṣé, Mọ́mì," ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ náà ni mo ṣíwọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, mo ní mi ò ṣe mọ́ láéláé. Ẹ dákun, ẹ gbọ́, tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà ò dákẹ́! Ó ń gba òkè jò bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbààwẹ̀ lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni ọkàn mi wá rí ibi sá sí. Mo ní bí mo ti ṣíwọ́ tó ṣì ń jò, a jẹ́ pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn ti ní àrùn tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èèpo mi. Irọ́ tí èèyàn ń pa fún ara rẹ̀ kì í nira láti gbà gbọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Kàmọ́rù wọ yàrá mi, ó ní òun ti rí ìyàwó, Rónkẹ́ ni, ó sì ti gbà. Mo ké débi pé Ìyá Ìbejì sáré sọ̀ kalẹ̀, ó rò pé mo ṣubú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni jíjò náà dáwọ́ dúró. Títí dòní Rónkẹ́ máa ń sọ fún àlejò pé, "Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Mọ́mì gbọ́ pé mo ti di ìyàwó ilé, ló bá dákẹ́." Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá wá nǹkan ṣe ní ilé ìdáná.

Ó gba fírídọ̀mù rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ráfíù fi ẹ̀fẹ̀ kún àdúrà rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run má ṣe fi irú tọ́ílẹ́ẹ̀tì Alápẹ̀rẹ̀ dán an wò mọ́. Àmín ńlá ni wọ́n ṣe, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Rónkẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkòṣì. Táńkì, páìpù, pọ́ǹpù, kò sí èyí tí kì í ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì wá, á darí rẹ̀ sí plọ́ńbà mìíràn. Mo rò pé ó kàn wù ú bẹ́ẹ̀ ni.

Àfi lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Obìnrin kan ní Magodo tí Rónkẹ́ bá ṣe táńkì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kó wá ṣe gbogbo tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé tuntun tí òun ń kọ́. Ní ìdí oúnjẹ ló ti sọ fún wa pé òun ti ní òun ò ṣe. Kàmọ́rù bi í pé kí ló dé.

"Ọwọ́ mi ò gba tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Mọ́mì ṣáà mọ̀."

Ẹ̀bà há mi lọ́fun. Ó sáré bu omi fún mi, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ń ní "Pẹ̀lẹ́, Mọ́mì, pẹ̀lẹ́." Ọwọ́ yẹn gan-an ni mo ti bà jẹ́ lójú ara rẹ̀.

Mo pe Kàmọ́rù sí yàrá mi, mo tilẹ̀kùn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó la ẹnu sílẹ̀.

"Mọ́mì. Èèpo àlùbọ́sà?"

"Èèpo àlùbọ́sà."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ bojú. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Èmi ni mò ń tẹ irin bọ́ọ̀lù."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bọ́ọ̀lù kan wà tó ń léfòó nínú táńkì kékeré. Bí omi bá kún, ó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, irin ìdí rẹ̀ á sì ti omi pa. Kàmọ́rù mi, alákọ̀wé mi, ń tẹ irin yẹn sókè kí omi má lè dúró. Ìyẹn ni omi tó ń gba òkè! Ìyẹn ni ìrànlọ́wọ́ tí mo ń dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Òun náà sì ti ń ṣe kàyéfì ohun tó ń mú ìsàlẹ̀ jò. A rẹ́rìn-ín débi pé Rónkẹ́ kan ilẹ̀kùn, ó ní kí lẹ̀ ń jẹ níbẹ̀ tí ẹ ò fún òun. A ní kò sí nǹkan. Nígbà tó lọ, a wo ara wa, ẹ̀rín tán.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ dàgbà, ẹ sọ ọ́."

"Ìwọ lo fẹ́ ẹ, sọ ọ́."

Èmi ni mo sọ ọ́, lọ́sàn-án Sátidé, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Mi ò fọ̀rọ̀ ṣe àṣàyàn. Mo sọ tèmi, mo sọ ti ọmọ mi, mo ní ó jọ̀ọ́. Mo ti ń rò ó pé yóò kó ẹrù rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí kì í ṣe ìdí tí a fi ṣe é.

"Rọ́bà tí mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀, Mọ́mì, ṣé ó dé?"

"Ó dé, ọmọ mi. Láti ọjọ́ kìíní."

"Ó dé?"

"Kò jò rárá."

Ó gbé ọmọ sókè, ó ní, "O gbọ́? Ó dé!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí pálọ̀ ká, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, èmi ń patẹ́wọ́ pẹ̀lú omijé lójú. Ó ń jó lọ, ojú rẹ̀ bá kan Kàmọ́rù lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin náà, Daddy Àmídá!" Ó gbé ọmọ fún mi, ó nawọ́ mú sípánà. Ọkọ sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó yí ẹsẹ̀ irin táńkì po, Ìyá Ìbejì ń wò wọ́n láti òkè, ó ń bèèrè bóyá omi ti tún lọ ni.

Kó tó jókòó ló ti pe obìnrin Magodo, ó ní òun á ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sunkún díẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì wá, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ Ọ̀gá Ráfíù ṣì wà lẹ́nu gbogbo plọ́ńbà. Ó ní iwájú wọn ni òun ti gbé àwo oúnjẹ kiri lọ́jọ́ fírídọ̀mù, iwájú wọn náà ni kí a ti lọ sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Ó jàre. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Èmi àti Kàmọ́rù la jọ ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà kí Ọ̀gá Ráfíù gba ẹ̀bẹ̀, nítorí mo sọ ọ́ di ẹni tó ṣàìtọ́ sí ọmọṣẹ́ rẹ̀, kò sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹgbẹ́ plọ́ńbà ló ń kó mi láyà sókè jù. Lánàá ni mo bi Rónkẹ́ bóyá, ká ní mi ò ṣe ohun tí mo ṣe, ì bá wá di ìyàwó ilé wa. Mò ń retí pé á rẹ́rìn-ín. Ó ń pọn ọmọ.

"Mọ́mì, mi ò ní ẹnì kankan tí mò ń kí ní Èkó nígbà yẹn. Ká ní ẹ sọ fún mi pé kí n máa yà kí yín ni, ǹ bá máa wá lójoojúmọ́."

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi dá a lóhùn?